Ohùn Yín Tí Mo Fi Purọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Bí ẹ kú ìsinmi ni, bí ẹ kú ilé ni, ẹ bá mi mú èyí tó bá yẹ níbẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú bírò, lórí bébà tí mo ya nínú ìwé àtijọ́ tí ẹ máa ń ya àwòrán ilé sí. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi débí, torí bí mo bá ń yí i ká, màá tún sá ni. Mo fi ohùn yín purọ́, Bàbá. Mo fi ẹ̀rọ ṣe ohùn tó jọ tiyín, mo fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ rí sí yín lẹ́nu, mo sì fi bú Ìyá Rísí tó ń lọ ata létí gọ́tà, lójú gbogbo àdúgbò. Ojú ń tì mí débi pé mo ti yí fọ́tò yín tó wà ní yàrá kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn férémù ni mò ń wò báyìí, pẹ̀lú ìṣó tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ojú wa rí màbo lọ́wọ́ omi ní Mushin níbí. Ní òjò ọdún àkọ́kọ́, omi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ yàrá, ó rin mátíràsì yín débi pé èèyàn mẹ́ta ló bá mi gbé e jáde. Ní òjò tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin kékeré tó ń gbé yàrá kejì sí wa ṣubú sínú gọ́tà nígbà tó ń ti iléèwé bọ̀. Wọ́n fà á yọ, àmọ́ apá rẹ̀ kán. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, irú inú tó máa ń bí ẹ̀yin náà bí ẹ bá rí ògiri tó wọ́. Mo ní dandan, a máa ṣe nǹkan sí i.

Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kúnlé wà níbẹ̀, ọmọ Tíṣà Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń gbé ní Surulere, tí ẹ máa ń sọ pé ó gùn bí ọ̀pá àtẹ̀gùn. Òun ló ń ya kátúùnù. Bọ̀sẹ̀, tí a jọ kàwé n'Ìbàdàn, ló mọ bí nǹkan ṣe ń tàn ká lórí fóònù. Iṣẹ́ tèmi ni ohùn, iṣẹ́ tí ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé wọ́n ń gé ohùn bí ẹni gé irin ni. Yaba la ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá kan tí àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ti ń fi kọ̀ǹpútà wá bí ìlú á ṣe dáa. Ẹlòmíì mú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò lọ síléèwé, ẹlòmíì mú ti iná. Àwa mú ti gọ́tà, a sì pe ìpolongo wa ní Jẹ́ Kómi Kọjá.

Fídíò tá a kọ́kọ́ ṣe, Kúnlé ya gọ́tà kan tó ní ojú àti ẹnu, tí ọ̀rá omi mímu há sí lọ́fun, tó ń wúkọ́. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń wú irú ikọ́ yẹn kiri àdúgbò. Àmọ́ kò sí àgbàlagbà kan tó gbé ṣọ́bìrì. Àwọn onílé ní eré ọmọdé là ń ṣe, ká lọ wá iṣẹ́. Ó dùn mí, kì í ṣe díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ta ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ní àdúgbò yìí, mi ò sì rò ó pẹ́.

Ṣé ẹ rántí àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó? Ẹ ó ti kírun Àsúbà, ẹ ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tí símẹ́ǹtì ti mú kó gan, ẹ ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ ẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn, ohùn yín ti tó. Ẹ ó ní, ẹ la ọ̀nà fómi o, kí omi má wá ọ̀nà sílé yín. Mo máa ń fi ìrọ̀rí bo orí nígbà yẹn torí ojú ń tì mí pé bàbá mi ló ń pariwo kiri. Ìtìjú ìgbà yẹn, kí Ọlọ́run dá a padà fún mi dípò èyí.

Ohùn yín sì wà lọ́wọ́ mi, ó pọ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà n'Ìbàdàn, ẹ ò lè kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù torí símẹ́ǹtì ti jẹ orí ìka yín, fóònù kì í mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Ẹ ó fi eegun ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa sọ̀rọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni fóìsì nóòtì yín máa ń dé. Wọ́n máa ń gùn. Ẹ ó béèrè bóyá mo ti jẹun, ẹ ó ròyìn ilé tí ẹ ń kọ́, ẹ ó wúkọ́, ẹ ó kí ẹni tó bá kọjá, ẹ ó padà sórí ọ̀rọ̀, ẹ ó wá fi àdúà parí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí jì mí. Mi ò kì í gbọ́ wọn tán. Màá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àmín, ẹ ṣé sà, màá sì máa bá tèmi lọ.

Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn náà wá, ẹ má bá àwọn tó kù wí. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń kọ́ ohùn èèyàn. Bí ẹ bá ti fún un ní ohùn tó pọ̀ tó, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ tó bá wù yín sílẹ̀, á sì fi ohùn ẹni yẹn kà á jáde. Mo kó gbogbo fóìsì nóòtì yín fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ yẹn gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ọmọ tí ẹ bí kò gbọ́ wọn. Mo jókòó tì í, mò ń jẹ bọ́ọ̀lì.

Nígbà tó kọ́kọ́ la ẹnu, tó ní ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, mo ju bọ́ọ̀lì ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo jáde lọ dúró níta, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin ni. Àní bí ẹ ṣe máa ń mí kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ tó bá le, ó mí bẹ́ẹ̀. Kúnlé ya yín pẹ̀lú fìlà yín àti ṣòkòtò yẹn. A ní kí ẹ sọ pé ká kó ìdọ̀tí, ká la ọ̀nà fómi. Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, ẹ sọ ọ́ nígbà ayé yín, ó sì ṣeé ṣe kí n lè dárí ìyẹn ji ara mi. Bọ̀sẹ̀ fi sórí gúrúùpù àdúgbò ní Ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbàlagbà tó ní eré ọmọdé là ń ṣe ti wà nínú gọ́tà dé orókùn. Àwọn kan ń nu ojú. Wọ́n ní Bàbá Bíríkìlà mà mọ̀ pé òun ń lọ o, ó ti gba ohùn sílẹ̀ fún wa. A ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A ní a ò kúkú purọ́, a kàn dákẹ́ ni.

Òjò tún dé, omi sì ń lọ dáadáa títí dé iwájú ibi tí Ìyá Rísí ti ń lọ ata. Ibẹ̀ ló dúró. Ẹ mọ sílábù gígùn yẹn, ìdérí gọ́tà tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe, tó gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ lé. Kò ní ojú kankan tí èèyàn lè gbà gbẹ́ yanrìn tó kó sábẹ́ rẹ̀. N'Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Mi ò béèrè ẹni tó ṣe é. Ìyá Rísí gan-an fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Ó pè mí lọ́jọ́ kan tí mò ń sáré kọjá, ó ní, “Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ wà lórí sílábù yìí o. Wá jókòó ká sọ ọ́.” Mo ní mò ń bọ̀, Mà. Mi ò padà. Obìnrin tó ń fún mi lóúnjẹ nígbà tí màmá mi kú, tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́, mi ò ní ìṣẹ́jú márùn-ún fún un.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún ẹ̀rọ nìyí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tó ni ín. Mo ní kí ẹ sọ pé: Ìyá Rísí, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa kìlọ̀ fún yín pé ẹ gbé sílábù yẹn kúrò? Ẹ ò gbọ́. Bí mo bá kú, tí omi wọlé ọmọlọ́mọ, ọrùn yín ló máa wà. Ẹ̀rọ kà á jáde bí mo ṣe kọ ọ́, ó sì fi ikọ́ yín sí ìparí, èyí tí mi ò tilẹ̀ kọ síbẹ̀. Bọ̀sẹ̀ ní ṣé kò ti le jù báyìí. Mo ní bàbá mi á sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní mo mọ bàbá mi.

Fídíò yẹn kò dúró ní Mushin. Ó dé ibi tí mi ò lè dárúkọ. Àwọn èèyàn tí kò mọ ojúlé wa ń ṣépè fún un, wọ́n ń pè é ní ìkà, wọ́n ní òkú ọ̀run ló ń ta kò ó. Àwọn kan wà ní àdúgbò tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sílábù náà, mo mọ̀ báyìí. Wọn ò lanu. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ nígbà tí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é bá ń tìtorí rẹ̀ búni?

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kó òòlù àti irin wá. Kúnlé ń ya fídíò. Ìyá Rísí fúnra rẹ̀ ló tú ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lórí sílábù, òun àti onímẹkáníìkì rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n da omi sórí ibẹ̀ kí wọ́n lè rí etí sílábù náà, èérí ata àti epo ẹ̀rọ ṣàn lọ. Mo wá rí i ní kọ̀rọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti máa ń dúró. Àmì róbótó mẹ́ta.

Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀ ayé, Bàbá? Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ó mu mínírà kan, ẹ ó mú ìdérí ìgò rẹ̀, ẹ ó fi tẹ símẹ́ǹtì tútù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sọ fún mi nígbà tí mo kéré pé ọ̀kan jẹ́ ti Ọlọ́run, ọ̀kan ti màmá mi, ìkẹta tèmi. Mo máa ń wá tèmi kiri àdúgbò, lórí àtẹ̀gùn, létí kànga, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wo ojú Ìyá Rísí, òun náà wò mí, ó rí ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ lé, ó sì gbé ojú kúrò. Mo wá gbé ẹsẹ̀ mi, mo sọ fún ẹni tó mú òòlù pé ibẹ̀ yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ohun tó burú tó ìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Irọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ pé mi ò mọ̀. Èyí, mo mọ̀.

Omi kọjá. Òótọ́ ni, mi ò lè ṣẹ́ ẹ. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ilẹ̀ wa sì gbẹ. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn kan ní Yaba pé ká wá fi han àwọn ọ̀dọ́ mìíràn bí a ṣe ṣe é. Bọ̀sẹ̀ ti ń kọ ohun tá a máa sọ sílẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mò ń gba ìkíni. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ nípa àwọn kọ́lékọ́lé tó ń jí símẹ́ǹtì pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mò ń rántí rẹ̀, mò ń tì í sẹ́yìn.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Rísí wọlé wá pẹ̀lú bàsíà àkàrà lórí. Sàráà ni ó gbé wá. Kò tíì rí ibi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ọlọ ló fi lọ ẹ̀wà yẹn, mo rí i ní ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Kò jókòó. Ó ní, “Bá mi bẹ bàbá ẹ. Mi ò mọ̀ pé ó bínú sí mi lọ. Ó máa ń wá jókòó lọ́dọ̀ mi lálaalẹ́, a ó jọ máa ṣàwàdà, kò sọ ọ́ fún mi rí. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ṣé mi ò ní gbé e kúrò? Mo ti ń gbààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè lórí ẹ̀. Ṣé o rò pé á dárí jì mí?”

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, “Wọ́n ti dárí jì yín, Mà.” Ẹ rí i, mo tún bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, láìlo ẹ̀rọ.

Mi ò lè fi àkàrà yẹn kan ẹnu. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Yaba, mo ki íápíìsì bọ etí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ fóìsì nóòtì yín láti orí àkọ́kọ́. Bàbá, ẹ máa ń kọrin díẹ̀ bí ẹ bá gbàgbé pé ẹ ṣì tẹ fóònù mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀. Ẹ ra bàtà kan fún mi tí kò bá mi lẹ́sẹ̀ mu, ẹ sì ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ ṣe ná an. Mo gbọ́ ẹ̀rọ Ìyá Rísí tó ń pariwo lẹ́yìn yín nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo gbọ́ òun fúnra rẹ̀ tó ń kí mi. Títí mo fi dé orí ọ̀kan tó wá nígbà tí àyà ti ń dùn yín. Ẹ ní:

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun? Ọ̀dọ̀ Ìyá Rísí ni mo wà. Mo bá a ṣe sílábù kan lé gọ́tà, kó lè rí ibi gbé ẹ̀rọ ẹ̀ lé, àwọn láńlọ́ọ̀dù ti ń lé e kiri. Àmọ́ mo ṣàṣìṣe o. Mi ò dá ojú sí i, yanrìn á kó sábẹ́ ẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tiẹ̀. Mo ti ní màá padà wá ṣí i tí àyà yìí bá fi mí sílẹ̀. Tí mi ò bá rí i ṣe, kó o bá mi rí sí i. Má gbàgbé o. Lọ jẹun.”

Lẹ́yìn náà ni ikọ́. Ikọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ mú lọ fi sí ìparí èébú mi. Ẹ wá wo ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀: àmín, ẹ ṣé sà. Kò sì sí àdúà kankan nínú ohun tí ẹ sọ.

Kí lẹ rò nígbà tí ẹ rí àmín yẹn? Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò gbọ́? Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà.

Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé màá jẹ́wọ́. Ara Kúnlé kò gbà á. Ó ní, “Ábẹ̀gí, rò ó dáadáa. Tó o bá sọ pé ohùn yẹn kì í ṣe òótọ́, ta ló tún máa gbà wá gbọ́? Àní ọmọ tó kán lápá gan-an, wọ́n máa ní a fi kọ̀ǹpútà ṣe é ni.” Kò parọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn. Bọ̀sẹ̀ ní àwọn tó pè wá sí gbọ̀ngàn, òun lòun máa sọ fún wọn.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo lọ bá Ìyá Rísí. Mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò, mo sọ ọ́. Kò kọ́kọ́ yé e. Ó rò pé mo ní ẹlòmíì ló sín yín jẹ. Mo ní kí ẹ̀rọ kí i láti orí fóònù mi, ẹ̀rọ sì fi ohùn yín ní, ẹ káàsán Ìyá Rísí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. “Pa á,” ó ní, “pa á.” Ó wá béèrè pé, “Àní ikọ́ yẹn náà?” Mo ní ikọ́ yẹn náà, Mà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì rò pé ègún ló kàn. Ohun tó sọ ni pé, “Á jẹ́ pé kò bínú sí mi lọ.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, fún ara rẹ̀.

Mo wá jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín gidi. Nígbà tí ẹ dé ibi tí ẹ ti ní àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tiẹ̀, ó dáhùn bí ẹni pé ẹ jókòó síbẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà, ta ló bá yín jà?” Ó ní kí n fi sórí fóònù òun. Mo fi sí i. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí mo sọ, kí n máa lọ. Kò pè mí ní ọkọ mi. Orúkọ mi ló pè, gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó ń kà á nínú ìwé.

Mo jẹ́wọ́ fún àdúgbò pẹ̀lú ohùn ara mi àti ojú ara mi, lórí gúrúùpù àti níbi tí fídíò náà ti tàn ká. A pa fídíò yẹn rẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, àmọ́ ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ti gbà á, ẹyin lọ̀rọ̀. Wọ́n bú mi dáadáa. Wọ́n ní mo ta bàbá mi. Wọn ò pè wá sí gbọ̀ngàn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn onílé ní òun ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sílábù náà tipẹ́, mo sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní omi ti ń wọ ilé tòun náà.

Ó ku ohun tí ẹ rán mi. Mo lọ wá Múfú rí, ọmọṣẹ́ yín tó ti di ọ̀gá ní Ìlúpéjú. Ó fi ọjọ́ Àìkú kan sílẹ̀ fún mi. A ṣe sílábù tuntun fún Ìyá Rísí, a dá ojú méjì sí i, pẹ̀lú ìdérí kéékèèké tí èèyàn lè ṣí láti gbẹ́ yanrìn. Kúnlé àti Bọ̀sẹ̀ wá, wọ́n ń pọn omi, kò sẹ́ni tó ya fídíò. Èmi ni mo po símẹ́ǹtì. Ọwọ́ mi bó. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo fi àtàǹpàkò tẹ fóònù mi kó ṣí, kò mọ̀ mí. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń rántí ìka yín.

Nígbà tí iṣẹ́ parí ní ọjọ́ Àìkú yẹn, Múfú ra mínírà, ó mu ún, ó na ìdérí rẹ̀ sí mi. Ìyá Rísí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Símẹ́ǹtì ṣì tutù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ò sì lọ. Mo ti fi ohùn yín sọ ohun tí ẹ ò sọ. Mi ò ní fi ọwọ́ yín ṣe ohun tí ẹ ò ṣe. Mo fi ìdérí náà sápò, mo sì fi àtàǹpàkò ara mi tẹ kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó lè hàn pé èmi ni, bó bá dáa, bí kò bá dáa.

Ìyá Rísí ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ó máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì lẹ́nu láti béèrè fún jù bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó rán abọ́ àkàrà kan sí mi. Kì í ṣe sàráà, ó ní ẹ̀wà òun ló ṣẹ́kù.

Mo ti jẹun, Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yín tán.